Nígbà Tí Ọwọ́ Mósè Wúwo

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 17:8–16, Gálátíà 6:2–5

Kókó ẹ̀kọ́: Ìrora àti ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èjìká

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ibùsùn àìsàn, Olúwa yóò gbé yín dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn, agbára yín kò ní pin.

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí ó dúró ti ẹbí rẹ̀, wọn a ní èjìká tí kò jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́ ni. Púpọ̀ nínú wa ni a ti kì bẹ́ẹ̀ rí. Èjìká wa ni a fi pọnmi, òun ni a fi gún iyán, òun ni a fi gbé ọmọ kọ́ ẹ̀yìn, òun ni a fi gbé igbá ọjà sọ̀ tí a tún fi gbé e rù. Ṣùgbọ́n kí ni kí á ṣe ní ọjọ́ tí èjìká fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, tí dókítà fi abẹ là á, tí a sì délé pẹ̀lú ìrora tí kò jẹ́ kí á sùn? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n nínú ara tèmi, nítorí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi ní èjìká ọ̀tún, ọwọ́ tí mo fi kọ̀wé sí pátákó fún ọdún 33.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LÓRÍ ÒKÈ

Àwọn ará Ámálékì gbógun ti Ísírẹ́lì ní Réfídímù. Jóṣúà kó ọmọ ogun jáde, Mósè sì gun orí òkè pẹ̀lú ọ̀pá Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a máa borí. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀, Ámálékì a máa borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ọwọ́ Mósè wúwo.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Mósè yìí ni ó na ọ̀pá sórí Òkun Pupa tí omi fi pínyà. Òun ni ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbi igbó tí ń jó tí kò run. Síbẹ̀ apá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Bíbélì kò bá a wí nítorí rẹ̀, kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ọlọ́run lè fi agbára sí apá rẹ̀ kí ó má rẹ̀ ẹ́ mọ́ títí ogun yóò fi parí, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pèsè fún un ni òkúta tí ó jókòó lé, ènìyàn méjì tí wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, àti sùúrù títí oòrùn fi wọ̀. Ìgbàlà Ísírẹ́lì ní ọjọ́ náà gba ọ̀nà mẹ́ta yìí wá. Ọ̀nà yìí náà ni ìwòsàn èjìká ń gbà.

Kí á tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi àtijọ́ díẹ̀, kí n ṣàlàyé bí èjìká ti rí. Orí egungun apá rí roboto bí ọsàn. Ibi tí ó jókòó sí kò jìn. Ó dà bí àwo pẹlẹbẹ kékeré tí a gbé ọsàn ńlá lé. Nítorí náà ni ọwọ́ fi lè yí síwájú, sẹ́yìn, àti sókè ju gbogbo oríkèé ara yòókù lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ọsàn náà yí ṣubú ni iṣan mẹ́rin tí ó yí i ká, tí wọ́n so mọ́ egungun. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, àwọn iṣan yìí a máa gbó bí ọrùn bùbá tí a ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìṣubú lè fa ọ̀kan nínú wọn já. Iṣẹ́ tí a ń gbé ọwọ́ sókè ṣe lójoojúmọ́ náà lè fà á já díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èjìká dídùn ni a ń là. Púpọ̀ nínú wọn ni ìdárayá àti oògùn ń wò sàn. Tèmi, orí sìmẹ́ǹtì tí òjò rin ni mo ti ṣubú. Wọ́n fi ìdárayá wò ó fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí n kò tún lè gbé ife tíì dé ẹnu, dókítà ní kí á ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú iṣẹ́ abẹ náà ni pé wọ́n ń rán iṣan tí ó já padà mọ́ ara egungun. Ẹ fi èyí sọ́kàn: òwú tí dókítà fi rán an kàn ń dì í mú ni. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò so iṣan àti egungun pọ̀, ìsopọ̀ náà sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí ni yóò mọ ìdí gbogbo òfin tí wọ́n bá fún un.

1. MÓSÈ KÒ FI ÌWÚWO ỌWỌ́ RẸ̀ PAMỌ́

Bí a bá bi Yorùbá pé ara ń kọ́, yóò ní a dúpẹ́. Ọmọlúàbí ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó bi ọ́ léèrè ní ẹ̀bá ibùsùn kò kí ọ, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ní ilé ìwòsàn, wọn a máa ní kí o fi oye sí ìrora náà láti 0 dé 10, tí 0 jẹ́ pé kò sí rárá, tí 10 sì jẹ́ èyí tí ó burú jù lọ. Bí ó bá jẹ́ 7, sọ pé 7 ni. Bí o bá ní a dúpẹ́, 0 ni yóò kọ sílẹ̀, ìwọ nìkan ni yóò sì jí ní òru.

Àwọn kan ń rò pé kí Kristẹni máa kérora jẹ́ àìnígbàgbọ́. Ẹ ka ìwé Sáàmù, ẹ wo iye ìgbà tí Dáfídì ké. Ẹ lọ sí ọgbà Gẹtisémánì, ẹ wo Olúwa wa fúnra rẹ̀. Kò ṣe bí ẹni pé ago náà kò korò. Ó sọ fún Baba, ó sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ó mú dání. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ ìrora rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ rere.

Ìrora èjìká lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pọ̀, pàápàá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń le sí i ní òru. Wọ́n sábà máa ń gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀bá ọrùn tí yóò mú kí gbogbo apá kú bí igi. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 12 tàbí títí di ọjọ́ kejì. Ní àkókò yìí, aláìsàn a máa rò pé òun ti borí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà yóò dá, ó sì lè jẹ́ òru ni yóò dá. Nítorí náà, kí á bẹ̀rẹ̀ oògùn tí dókítà kọ kí apá tó jí, kí á sì máa lò ó ní àkókò rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Iná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn rọrùn láti pa ju èyí tí ó ti gba òrùlé lọ.

Nípa oògùn fúnra rẹ̀, ẹ gba ìmọ̀ràn mélòó kan:

(a) Parasitamọ́ọ̀ 500mg: àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju 8 lọ láàárín wákàtí 24, bóyá 2 ní ìgbà mẹ́rin tí ó jìnnà síra. Ẹni tí kò sanra, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kí ó béèrè, nítorí tirẹ̀ lè dín. Ẹ rántí pé parasitamọ́ọ̀ wà nínú púpọ̀ nínú oògùn òtútù àti ibà. Bí a bá lo méjèèjì pọ̀, a ti lo àlòjù, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

(b) Ibuprofen àti diclofenac: ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lò wọ́n láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún un.

(d) Àwọn oògùn líle bíi tramadol: wọ́n ń mú oorun àti òòyì wá, wọ́n sì ń mú kí ìgbẹ́ gan. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ mọ́ oògùn oorun tàbí àgbo tí a fi ọtí rẹ. Bí ìrora bá ti dín, kí á dín wọn kù bí dókítà bá ti wí; ìgbà díẹ̀ ni wọ́n wà fún.

(e) Omi dídì tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé èjìká fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ń dín ìrora àti wíwú kù. Kí omi má kan ojú ọgbẹ́. Òróró gbígbóná àti robo kò yẹ ní orí ojú abẹ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ́ ọ tàbí fà á.

(ẹ) Oorun: sísùn gbalaja kò ní rọrùn. Kó ìrọ̀rí jọ sí ẹ̀yìn kí o fi ara tì, bí ẹni tí ó jókòó tí ó sì dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí o sì fi ìrọ̀rí kékeré sí abẹ́ ìgúnpá. Èmi sùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 5.

Bí ẹnìkan bá ní lílo oògùn ń tako àdúrà, ẹ ní kí ó ka 2 Ọba 20:7. Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún Hesekáyà, síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Ará Samáríà rere kò gbàdúrà nìkan lé ẹni tí ó gbọgbẹ́ lórí. Òróró àti wáìnì ni ó dà sí ọgbẹ́. John Wesley tí ó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tálákà ní oògùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1746, ó sì tẹ ìwé ìtọ́jú ara tí ó pè ní Primitive Physick ní ọdún 1747. Àwọn baba wa nínú Ìjọ Elétò ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹni tí ó lo oògùn rẹ̀ tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ya kúrò ní ọ̀nà àwọn baba wọ̀nyí.

2. WỌ́N GBÉ ÒKÚTA FÚN UN, Ó SÌ JÓKÒÓ

Ogun ń lọ ní ìsàlẹ̀, Mósè sì jókòó. Ẹ̀yin ìyá mi, ó ṣòro fún wa láti jókòó nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjókòó Mósè wà lára ogun náà. Bí ó bá fi agídí dúró, ọwọ́ ìbá wálẹ̀, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ìbá sì kú.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọn yóò fi ọ̀já gbé ọwọ́ rẹ kọ́ ọrùn. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ọ̀já náà ń lò, tọ̀sán tòru, bí dókítà bá ti wí. Ní àkókò yìí, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà gbé nǹkan, a kò gbọdọ̀ fi í tì, a kò gbọdọ̀ fi ara tì í dìde lórí àga. Ìka, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá nìkan ni a ń mì díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa gan. Kì í tó oṣù 3 kí wọ́n tó jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ náà ṣe iṣẹ́ tí ó gba agbára, ó sì lè tó oṣù 6 sí ọdún kan kí agbára tó padà.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ rèé. Ìrora máa ń tètè lọ ju bí ìsopọ̀ ti ń tètè dé lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, aláìsàn sì rò pé ó ti parí. Arábìnrin kan tí a jọ máa ń lọ síbi ìdárayá ní àlejò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: àwọn àna ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ó ní ojú kò gbọdọ̀ ti òun. Ó bọ́ ọ̀já náà sílẹ̀, ó gbá ọmọ odó mú pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin, ó sì gún iyán. Kò dùn ún nígbà tí ó ń gún un, nítorí ayọ̀ wà nínú ilé. Ní òru ọjọ́ náà ni ó mọ̀. Ibi tí wọ́n rán ti já. Wọ́n tún un là, ìkejì sì le ju ìkíní lọ, nítorí iṣan tí a rán lẹ́ẹ̀mejì kò ní okun bíi tàkọ́kọ́. Àwọn àna náà, bí ẹ bá bi wọ́n lónìí, wọn kò lè rántí ẹni tí ó gún iyán.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ọlọ́run tí ó pàṣẹ ọjọ́ ìsinmi mọ̀ pé bí òun kò bá pàṣẹ rẹ̀, àwọn ìyá kò ní sinmi. Nígbà tí ọ̀já bá wà lọ́rùn rẹ, rò ó pé ọjọ́ ìsinmi ni Olúwa so mọ́ ọ lára.

3. ÁÁRÓNÌ ÀTI HÚRÌ GBÉ ỌWỌ́ RẸ̀ RÓ

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó le jù fún èmi fúnra mi. Ẹni tí ó ti ń wẹ ọmọ láti ìgbà èwe, kí ó wá jókòó kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ máa wẹ̀ ẹ́. Kí ènìyàn má lè ro ìró, kí ó má lè we gèlè, kí ó má lè wọ kọ́mú fúnra rẹ̀. Omijé tí mo sun ní balùwẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo sun nítorí ìrora lọ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nínú Gálátíà 6, Pọ́ọ̀lù ní kí á máa ru ẹrù ara wa, lẹ́yìn náà ó ní olúkúlùkù yóò ru ẹrù tirẹ̀. Méjèèjì kò takora. Lílo oògùn lákòókò àti ṣíṣe ìdárayá, ẹrù tìrẹ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò lè bá ọ rù ú. Fífọ aṣọ, dídáná, gbígbé omi, títì ọ́ lẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹrù tiwa nìyẹn. Bí o bá kọ̀ kí á bá ọ rù ú, ìwọ ni ó ń dí wa lọ́wọ́ láti pa òfin Kristi mọ́.

Ẹ gba ohun kékeré kan nípa aṣọ: ẹ lo ẹ̀wù tí ó ṣí níwájú. Nígbà wíwọ̀, ọwọ́ tí ń dunni ni a kọ́kọ́ ń ki bọ̀ ọ́. Nígbà bíbọ́, òun ni a ń yọ kẹ́yìn. Bí o ti lè sọ èyí fún ẹni tí ń wọṣọ fún ọ, ìrora rẹ yóò dín kù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kàn wá, àwa tí a ń ṣe ìbẹ̀wò. Nínú Òfin Ẹgbẹ́ tí Wesley gbé jáde ní ọdún 1743, iṣẹ́ olórí kíláàsì ni láti rí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìbẹ̀wò jẹ́ ogún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, kí á má ṣe jókòó fún wákàtí méjì kí ó máa sin wá jẹun. Kí á fọ abọ́ tí ó wà nílẹ̀. Kí á bi í bóyá ó ti lo oògùn ọ̀sán. Kí á pín ọjọ́ láàárín ara wa: ẹnìkan ní ọjọ́ Ajé, ẹnìkan ní Ọjọ́rú. Àdúrà kúkúrú pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná ju àdúrà gígùn pẹ̀lú ọwọ́ òfo lọ.

Kí á sì ṣọ́ ẹnu wa. Arábìnrin kan wá kí mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n bọ́ ọ̀já náà jù sílẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, kí n gbé ọwọ́ sókè kí n yin Olúwa. Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Mo sọ fún un pé, "Mọ̀mọ́, Mósè náà ní ìgbàgbọ́, ó sì jókòó kí wọ́n bá a gbé ọwọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì ro àmàlà fún wa. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di Húrì mi. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, òun ni ó ń bá mi lọ síbi ìdárayá títí mo fi parí rẹ̀.

4. TÍTÍ OÒRÙN FI WỌ̀

Ìwé Mímọ́ sọ pé ọwọ́ Mósè dúró gangan títí oòrùn fi wọ̀. Kì í ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bákan náà ni ìwòsàn èjìká. Ó ń fẹ́ ìfaradà lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti lọ.

Nígbà tí Jésù pàdé ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, nínú Máàkù 3, ó ní kí ó na ọwọ́ náà jáde. Ọwọ́ tí kò ṣeé nà gan-an ni ó ní kí ó nà. Bí àkókò bá tó, ohun kan náà ni àwọn tí ń ṣe físíò yóò sọ fún ọ. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe àfikún lásán. Nígbà tí wọ́n dá ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1945, nítorí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ ni, kí wọ́n lè tún lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Èjìká tí a là tí a kò sì mì ní àkókò rẹ̀ lè gan pátápátá, pàápàá lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ̀ síwájú, kí n fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, kí n jẹ́ kí ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀, kí ó máa fì lọ fì bọ̀ bí ọmọ inú aago ògiri. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri kí n máa fi ìka gùn ún lọ sókè bí aláǹgbá. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń sàmì sí ibi tí ọwọ́ mi dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí àmì náà kò kúrò lójú kan. Ọ̀sẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ ọmọ mi a máa ka àwọn àmì náà bí ẹni ka ìwé.

Ẹ lo oògùn ìrora yín ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú ìdárayá. Ẹ sì kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ ìrora. Èyí tí ń fà bí aṣọ tí ó fún, tí ó sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ìrora ìwòsàn ni. Èyí tí ó gún ni lójijì bí ọ̀bẹ, tí kò sì rọlẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ sì sọ fún wọn.

Àwọn àmì kan wà tí a kì í fi sùúrù dúró dè. Bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú abẹ bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ó ń yọ ọyún. Bí ìka bá tutù tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Bí apá bá ṣì kú lẹ́yìn ọjọ́ tí ó yẹ kí abẹ́rẹ́ dá. Bí agbọ̀n ẹsẹ̀ bá wú tí ó ń dunni. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí a kò lè mí dáadáa: ilé ìwòsàn ni kí á gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Kí á máa gbàdúrà lọ nínú ọkọ̀.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan fún yín. Ọwọ́ mi kò ga tó ti tẹ́lẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí ó ga jù lọ lára ògiri mi fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan rẹlẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ òsì mi ń dé. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè nínú ìjọsìn, ẹ ó rí i pé ọ̀tún tèmi kò tẹ̀lé òsì. Mo ti gbàdúrà sí i, mo ṣì ń ṣe ìdárayá. Ṣùgbọ́n mo ń pọn omi díẹ̀, mo ń gé ẹ̀fọ́, mo ń kọ ìwé yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè: ohun tí ó bá wà ní òkè pẹpẹ, ọmọ ọmọ mi ni ó ń bá mi gbé e. Ọlọ́run kì í fi ọ̀pá wọn bí ọwọ́ ti ga tó kí ó tó gba ìyìn wa.

Lẹ́yìn ogun náà, Mósè tẹ́ pẹpẹ, ó sì pè é ní Jèhófà-Nísì, Olúwa ni àsíá mi. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ti Jóṣúà pè é. Arábìnrin mi tí èjìká rẹ ń dùn, Olúwa yìí náà ni ó sọ nínú Aísáyà 46 pé títí di ọjọ́ ogbó wa, òun ni yóò máa gbé wa. Nínú Lúùkù 15, nígbà tí Olùṣọ́ àgùntàn rí àgùntàn rẹ̀ tí ó sọnù, kò nà án, kò sì ní kí ó máa rìn bọ̀. Èjìká rẹ̀ ni ó gbé e lé, pẹ̀lú ayọ̀. Èjìká tiwa lè gbó, ó lè ya, a sì lè rán an. Èjìká tirẹ̀ kì í rẹ̀, òun sì ni a wà lórí rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru tí a kò rí oorun sùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ó ń mú kí ó ṣòro fún àwa obìnrin láti jẹ́wọ́ ìrora wa fún dókítà tàbí fún ara wa?

2. Ta ni ó wà nínú kíláàsì wa lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo? Ta ni yóò jẹ́ Áárónì, ta ni yóò sì jẹ́ Húrì fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí?

3. Nínú ìtọ́jú aláìsàn, èwo ni ẹrù tirẹ̀, èwo sì ni ẹrù tiwa?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún ara tí o fi àrà dá. A dúpẹ́ fún ọwọ́ àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń ṣe ìdárayá fún wa. Bá àwọn arábìnrin wa tí wọn kò rí oorun sùn ní òru yìí gbé. Fún wọn ní òtítọ́ láti sọ ìrora wọn, ní ìrẹ̀lẹ̀ láti jókòó, àti ní sùúrù títí oòrùn yóò fi wọ̀. Fún àwa tí ara wa le ní ẹsẹ̀ tí ó yá láti lọ bẹ̀ wọ́n wò, àti ọwọ́ tí kò ní lọ́ra láti bá wọn gbé e. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.